Áàpù tó wà lábẹ́lẹ̀ àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí fóònù: ọ̀nà wo ni kí o yàn?

Kóòdù tí áàpù fi ń mọ̀ pé wọ́n ti yọ ṣájà, pé íápíìsì ti já, pé aago ọwọ́ tó ń lo Bluetooth ti sún mọ́ tòsí, tàbí pé ẹni tó mú fóònù dání ti ń rìn, kò ṣòro kọ. Ìlà mélòó kan ni, ó sì máa ń ṣiṣẹ́ wẹ́rẹ́ níwájú ẹni tó kọ ọ́. Ìgbà tí ẹni tó ni fóònù bá jáde kúrò nínú áàpù, tó ti fóònù bọ àpò, tí wákàtí méjì sì kọjá, ni ọ̀rọ̀ máa ń di iṣu ata yán-an-yàn-an.

Kí o tó fi ọ̀nà kan wé èkejì, ìbéèrè méjì ni kí o kọ́kọ́ dáhùn. Tí áàpù náà bá ti kúrò nínú mẹ́mórì pátápátá, ṣé ètò fóònù lè jí i láti jíṣẹ́ fún un? Àti pé, ṣé lójú ẹsẹ̀ ni o gbọ́dọ̀ mọ̀, àbí tí o bá mọ̀ ní wákàtí kan sí i, kò sí ohun tó máa bàjẹ́? Ìbéèrè kejì yìí ni ọ̀pọ̀ wa ń fò kọjá. Tèmi ni pé ọ̀pọ̀ áàpù tó ń fi àìsùn jẹ bátìrì ni kò nílò láti máa ṣọ́nà rárá. Bí wọ́n bá béèrè nígbà tó yá, ètò fóònù á sọ fún wọn.

Android: èyí tí wọ́n ń jí àti èyí tí kò gbọdọ̀ sùn

BroadcastReceiver, ìyẹn apá áàpù tó ń gbọ́ ìkéde tí ètò fóònù ń ṣe bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ni gbogbo ẹni tó ń kọ áàpù Android mọ̀. Oríṣi méjì ló wà, wọ́n sì jìnnà síra. Èyí tí a kọ sínú AndroidManifest.xml (manifest, fáìlì tí áàpù fi ń ṣàlàyé ara rẹ̀ fún ètò fóònù) dà bí ẹni tó sùn sínú ilé, tó ti sọ fún ọlọ́dẹ pé bí àlejò bá dé kí wọ́n jí òun. Áàpù náà lè má sí nínú mẹ́mórì, ètò fóònù á gbé e dìde. Èyí tí a fi `registerReceiver()` forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nínú kóòdù ni ẹni tó fúnra rẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Bó bá dìde lọ, kò sẹ́ni tó máa gba iṣẹ́ náà jẹ́ fún un.

Ti manifest ni gbogbo wa ń lò tẹ́lẹ̀, àṣejù ló sì bà á jẹ́. Fóònù á kàn so mọ́ Wi-Fi, áàpù rẹpẹtẹ á ta jí lẹ́ẹ̀kan náà. Ní 2016, Android 7.0 yọ CONNECTIVITY_ACTION kúrò lára ohun tí manifest lè gbọ́. Ní 2017, Android 8.0 ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ìkéde tí kò dárúkọ áàpù kan pàtó. Ṣájà bá a lọ: áàpù tó bá fojú sun API 26 (ìyẹn Android 8.0) tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kò lè fi manifest gbọ́ ACTION_POWER_CONNECTED mọ́.

Àwọn díẹ̀ tó ṣẹ́kù wúlò gan-an. BOOT_COMPLETED ṣì wà níbẹ̀ fún ìgbà tí wọ́n bá tan fóònù. USB_DEVICE_ATTACHED wà fún ohun tí wọ́n fi wáyà so mọ́ ọn. ACL_CONNECTED àti ACL_DISCONNECTED wà fún ẹ̀rọ Bluetooth tó so pọ̀ tàbí tó já, ṣùgbọ́n láti Android 12, o nílò ìyọ̀ǹda BLUETOOTH_CONNECT kí méjèèjì tó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ. Tí ìṣẹ̀lẹ̀ tìrẹ bá wà lára àwọn wọ̀nyí, má wá ọ̀nà mìíràn kiri. Kò sí èyí tó rọrùn jù ú lọ fún bátìrì.

Àwọn kan wà tí manifest kò lè gbọ́ rárá: BATTERY_CHANGED, SCREEN_ON, SCREEN_OFF. Inú kóòdù nìkan ni wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀ fún wọn, èyí tó túmọ̀ sí pé áàpù gbọ́dọ̀ wà láàyè. Wíwà láàyè gan-an kò tún tó mọ́. Láti Android 14, tí áàpù bá wà nínú mẹ́mórì ṣùgbọ́n tí ètò fóònù ti kà á sí èyí tí kò ṣiṣẹ́, á tọ́jú àwọn ìkéde bẹ́ẹ̀ jọ títí áàpù náà á fi tún jí, ó sì lè pa púpọ̀ pọ̀ di ẹyọ kan. Ẹni tó ń ka iye ìgbà tí ojú fóònù tàn lọ́nà yìí ń ka ohun tí kò péye, kò sì ní rí àṣìṣe kankan nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀.

Fún bátìrì, ọ̀nà àbùjá kan wà tí àwọn ènìyàn kì í kà sí. Ìkéde BATTERY_CHANGED máa ń dúró lórí ètò. Tí o bá pe `registerReceiver(null, …)` pẹ̀lú orúkọ ìkéde yẹn, o máa gba ipò bátìrì lójú ẹsẹ̀: ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ló kù, ṣé ṣájà wà lára rẹ̀, báwo ló ṣe gbóná tó. O kò fi ẹnikẹ́ni ṣọ́nà. O béèrè, wọ́n dá ọ lóhùn, o bá tìrẹ lọ.

Foreground service: agbára rẹ̀ àti ohun tó ń gbà lọ́wọ́ ẹni

Tó bá jẹ́ pé lójú ẹsẹ̀ ni o gbọ́dọ̀ mọ̀, tí manifest kò sì gbọ́ ọ, foreground service ló kù. Ó ń sọ fún ètò fóònù pé kí ó má pa áàpù náà, ó sì ń gbé ìfitónilétí kan síta kí ẹni tó ni fóònù lè mọ̀ pé nǹkan ń lọ lábẹ́lẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ ló sábà máa ń sún ènìyàn débẹ̀. Láti Android 9, áàpù tó wà lábẹ́lẹ̀ kì í gba ohunkóhun láti ọ̀dọ̀ sẹ́ńsọ̀ tó ń mọ ìmìtìtì tàbí yíyípo fóònù. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún àwọn sẹ́ńsọ̀ tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan tí nǹkan bá yí padà. Kámẹ́rà àti máíkì náà ò gbẹ́yìn.

Ọdọọdún ni wọ́n ń fi òfin kún ọ̀nà yìí, nítorí náà ka ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí dáadáa kí o tó fi iṣẹ́ rẹ lé e lórí. Android 12 kò jẹ́ kí áàpù tó wà lábẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ foreground service mọ́, àyàfi ní àwọn ìgbà díẹ̀ tí wọ́n kà sílẹ̀. Áàpù gbọ́dọ̀ wà lójú nígbà tí iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀. Ní Android 13, ẹni tó ni fóònù lè fi ọwọ́ gbá ìfitónilétí náà dànù, ó tún lè dá gbogbo áàpù náà dúró láti ibi tí wọ́n to àwọn tó ń ṣiṣẹ́ sí. Android 14 ní dandan ni kí o sọ irú iṣẹ́ tó jẹ́: `connectedDevice` fún ohun tó so mọ́ fóònù, `health` fún ìrìn àti eré ìdárayá, `location` fún ibi tí ènìyàn wà, `specialUse` fún èyí tí kò bọ́ sí ìkankan nínú wọn, èyí tí o máa ní láti ṣàlàyé fún àwọn tó ń yẹ áàpù wò ní Google Play. Android 15 wá fi wákàtí mẹ́fà nínú wákàtí 24 ṣe òdiwọ̀n fún irú `dataSync`, ó sì ní kí BOOT_COMPLETED má bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ mọ́. Àwọn tó ti ń fi `dataSync` bo iṣẹ́ ìṣọ́nà mọ́lẹ̀ ni èyí bá jù. Mi ò bá wọn dárò.

Ọ̀rọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe fóònù tún wà níbẹ̀. Àwọn kan ní ètò ìpamọ́ bátìrì tiwọn lórí ti Android, tó ń pa foreground service láìwo irú rẹ̀. Kò sí kóòdù tó ń ṣẹ́gun ìyẹn pátápátá. Ohun tó mọ́gbọ́n dání ni kí áàpù máa kọ àkókò tó rí ìṣẹ̀lẹ̀ gbẹ̀yìn sílẹ̀, kí ó sì sọ fún ẹni tó ń lò ó tí àlàfo bá wà, dípò kí ó máa ṣe bíi pé kò sí ohun tó bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́.

iPhone: ẹni tó sùn kì í gbọ́

Ìlànà Apple yàtọ̀ láti ìpìlẹ̀. Kò sí foreground service, kò sì sí manifest tó ń gbọ́ ìkéde. Láìpẹ́ tí áàpù bá kúrò lójú, iOS á fi í sùn. Ó wà nínú mẹ́mórì, ṣùgbọ́n ìlà kóòdù kan kò ní ṣiṣẹ́. Ìfitónilétí `batteryStateDidChange` tí o forúkọ sílẹ̀ fún kò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ títí áàpù á fi jí.

Ohun tó lè jí i ni àwọn ìlẹ̀kùn tó wà nínú UIBackgroundModes: ohùn, ibi tí ènìyàn wà, Bluetooth, ohun èlò tó so mọ́ fóònù, àti díẹ̀ sí i. Ìlẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀, àwọn tó ń yẹ áàpù wò sì máa ń béèrè ìdí. Mo ti rí àwọn tó ń gbé ohùn tí kò dún jáde láti fi sọ áàpù di aláìsùn. Ó ń ṣiṣẹ́, títí ẹnìkan á fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìtànná ojú fóònù kò ní ọ̀nà tó bófin mu lórí iPhone. Èyí tó sún mọ́ ọn jù ni `protectedDataDidBecomeAvailable`, tó ń sọ pé wọ́n ti ṣí títì fóònù, bí ẹni náà bá ń lo kóòdù ìṣíde. Ó sì gbọ́dọ̀ bá áàpù lójúfò. Tí gbogbo áàpù rẹ bá dúró lé ìtànná ojú fóònù, ìdáhùn mi ni pé Android nìkan ni kí o kọ ọ́ fún.

Bí ó bá lè dúró: WorkManager àti BGTaskScheduler

Ẹni tó fẹ́ kó àwòrán lọ sí sáfà nígbà tí fóònù bá wà lórí ṣájà kò nílò láti mọ ìṣẹ́jú tí ṣájà wọlé. Ó nílò kí iṣẹ́ náà ṣẹlẹ̀ nígbà kan tí ṣájà wà níbẹ̀. Ibí yìí ni WorkManager ti dára: `setRequiresCharging(true)`, bóyá kí o fi `setRequiresDeviceIdle(true)` kún un, o parí. Yóò ye kódà bí wọ́n bá pa fóònù tí wọ́n sì tún tàn án. Iṣẹ́ tó ń padà wá lórí rẹ̀ kò lè sún mọ́ra ju ìṣẹ́jú 15 lọ. Doze, ìyẹn ipò oorun tí Android fi ń pa bátìrì mọ́, tó bẹ̀rẹ̀ ní Android 6.0, sì lè sún un síwájú bí fóònù bá wà lójú kan fún ìgbà pípẹ́ láìsí ṣájà.

Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lórí iPhone ni BGTaskScheduler, láti iOS 13. BGProcessingTask ní `requiresExternalPower` (inú BGProcessingTaskRequest ni o ti ń kọ ọ́), ṣùgbọ́n iOS ló ń yan àkókò, alẹ́ ló sì sábà máa ń jẹ́ nígbà tí ẹni náà ti sùn. BGAppRefreshTask fún ọ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30. Bí áàpù rẹ kò bá jẹ́ èyí tí ẹni náà ń ṣí lójoojúmọ́, iOS lè má pè é fún ọjọ́ púpọ̀. Nínú àwọn méjèèjì, WorkManager ni mo fọkàn tán jù. Ti Apple, mo ń kà á sí ojú rere: tó bá wá, ẹ ṣeun, tí kò bá wá, iṣẹ́ kò gbọdọ̀ dúró.

Ìrìn: jẹ́ kí fóònù bá ọ kà á

Ibí yìí ni ìbéèrè kejì ti ń sanwó jù. Fóònù ti ń ka ìṣísẹ̀ fúnra rẹ̀, nínú háádíwíà tó ń jẹ bátìrì díẹ̀ gan-an. Lórí iPhone, CMPedometer lè sọ iye ìṣísẹ̀ láàárín àkókò èyíkéyìí nínú ọjọ́ méje tó kọjá, bí áàpù rẹ tilẹ̀ ti sùn ní gbogbo àkókò náà. Ìyọ̀ǹda nìkan ló ń béèrè. CMMotionActivityManager ń ṣe bákan náà fún bóyá ẹni náà ń rìn, ń sáré, tàbí wà nínú ọkọ̀. Ẹni tó bá ti rí èyí, tó ṣì ń tan ibi-tí-ènìyàn-wà sílẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ láti fi ka ìṣísẹ̀, ó ń fìyà jẹ bátìrì ẹlòmíràn lásán.

Lórí Android, TYPE_STEP_COUNTER ń fún ọ ní iye ìṣísẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti tan fóònù gbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n kìkì àkókò tí sẹ́ńsọ̀ náà fi wà ní títàn. Bí wọ́n bá pa fóònù tí wọ́n sì tún tàn án, ó padà sí òdo, nítorí náà o gbọ́dọ̀ tọ́jú iye ti àná síbì kan. Recording API ti Google Play services tàbí Health Connect rọrùn jù: wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀ lórí fóònù, ìwọ á lọ kà á. Tó bá jẹ́ ìyípadà ni o fẹ́ mọ̀, bíi pé ẹni náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọkọ̀, Activity Recognition Transition API lè fi PendingIntent (àṣẹ tí o fi sílẹ̀ kí ètò mú un ṣẹ nígbà tó bá yá) jí áàpù rẹ láìsí iṣẹ́ àìsùn kankan.

Bluetooth, àti bọ́tìnnì

Fún aago ọwọ́, kọ́kọ́rọ́ tàbí ẹ̀rọ ìlera tó ń sún mọ́ tòsí, Android ní CompanionDeviceManager. Ẹni náà á yan ẹ̀rọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà, láti Android 12, ètò á máa so mọ́ CompanionDeviceService rẹ nígbàkígbà tí ẹ̀rọ náà bá yọ, á sì pe `onDeviceAppeared`. O kò wá a kiri. Tí ẹ̀rọ náà kò bá jẹ́ ti ẹni yẹn nìkan, fún àpẹẹrẹ àmì tó wà lára ògiri, `startScan` tó ń gba PendingIntent, láti Android 8.0, ló kàn.

Core Bluetooth náà kò kẹ̀rẹ̀, mo tiẹ̀ gbà pé ibí yìí ni iPhone ti ṣe dáadáa jù. Pe `connect` sí ẹ̀rọ tí o ti mọ̀, ìpè náà kì í tán. Bí iOS bá tiẹ̀ ti yọ áàpù rẹ kúrò nínú mẹ́mórì, tí o bá ti fi àmì ìdánimọ̀ ìmúpadàbọ̀sípò sílẹ̀ (èyí tí iOS fi ń dá iṣẹ́ Bluetooth áàpù rẹ padà sí bó ṣe wà), á gbé áàpù dìde nígbà tí ẹ̀rọ náà bá dé, á sì fún ọ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Ohun méjì ló ń ba èyí jẹ́. Àkọ́kọ́ ni wíwá ẹ̀rọ kiri lábẹ́lẹ̀ láìdárúkọ UUID (nọ́ńbà ìdánimọ̀) iṣẹ́ tí o ń wá: kò ní rí nǹkan kan. Èkejì ni kí ẹni tó ni fóònù fi ọwọ́ gbá áàpù náà dànù, torí iOS gbà pé ó mọ̀ọ́mọ̀ lé e lọ, kò sì ní jí i mọ́ títí yóò fi ṣí i fúnra rẹ̀.

Ti bọ́tìnnì kò pọ̀. Kò sí áàpù lásán tó lè gba bọ́tìnnì ìtanná mọ́ ètò fóònù lọ́wọ́. Bọ́tìnnì ohùn ṣeé gbọ́ lórí Android nípasẹ̀ MediaSession pẹ̀lú VolumeProvider, nígbà tí áàpù bá ń darí ohùn tó ń jáde láti ara ẹ̀rọ mìíràn. Accessibility service náà ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n Google Play kì í fojúure wo ẹni tó ń fi í ṣe ohun tí kò kan ìrànlọ́wọ́ fún aláàbọ̀ ara. Lórí iPhone, òfin 2.5.9 nínú ìlànà App Store sọ ọ́ gbangba pé áàpù tó bá yí iṣẹ́ bọ́tìnnì ohùn padà kò ní wọlé.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

| Ohun tí o fẹ́ mọ̀ | Android | iPhone |
|---|---|---|
| Ṣájà wọlé, lójú ẹsẹ̀ | receiver inú kóòdù, lábẹ́ foreground service | kò sí. Ẹni náà lè ṣètò rẹ̀ fúnra rẹ̀ nínú Shortcuts, áàpù Apple fún iṣẹ́ àdáṣe |
| Ṣájà wà níbẹ̀, nígbà tó bá yá | WorkManager | BGProcessingTask |
| Íápíìsì já nígbà tí orin ń lọ | AUDIO_BECOMING_NOISY | `routeChangeNotification`, lábẹ́ ìlẹ̀kùn ohùn |
| Ẹ̀rọ Bluetooth tó jẹ́ ti ẹni náà | CompanionDeviceService | Core Bluetooth pẹ̀lú ìmúpadàbọ̀sípò |
| Iye ìṣísẹ̀ | Recording API, Health Connect | CMPedometer |
| Dídé ibì kan | geofence (ààlà tí a fà yí ibì kan ká), 100 fún áàpù kan | region (ohun kan náà), 20 fún áàpù kan |
| Ojú fóònù tàn | receiver inú kóòdù nìkan | kò sí |

Ìlà Shortcuts yẹn tọ́ sí ìwòye. Láti iOS 16, áàpù lè fi App Intents gbé iṣẹ́ rẹ̀ kalẹ̀, kí ẹni tó ni fóònù sì sọ pé kí ó ṣẹlẹ̀ nígbàkígbà tí ṣájà bá wọlé. Kì í ṣe ìwọ lo ṣọ́nà, òun ló pàṣẹ. Fún áàpù tí àwọn tó ń lò ó kò bẹ̀rù ètò fóònù, ó sàn ju ọgbọ́n àlùmọ̀kọ́rọ́yí èyíkéyìí lọ.

Àwọn tó ń lo Flutter tàbí React Native, tí wọ́n fi ń kọ áàpù kan fún Android àti iPhone pọ̀, máa ń béèrè bóyá tiwọn yàtọ̀. Kò yàtọ̀. Plugin kàn ń pe ohun kan náà tí mo kà sílẹ̀ lókè ni. Kí o tó yan ọ̀kan, ṣí kóòdù Android rẹ̀ wò kí o rí i bóyá manifest ló lò ni, àbí inú kóòdù.

Dídán an wò

Má dúró de bátìrì kí ó kú. adb ni irinṣẹ́ tí a fi ń pàṣẹ fún fóònù Android láti orí kọ̀ǹpútà. `adb shell dumpsys battery unplug` ń tan Android jẹ pé wọ́n ti yọ ṣájà, bí wáyà tilẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. `adb shell dumpsys deviceidle force-idle` ń tì í sínú Doze. Lẹ́yìn náà, `adb shell dumpsys deviceidle unforce` àti `adb shell dumpsys battery reset` á dá gbogbo rẹ̀ padà. Má gbàgbé `reset` yẹn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ fóònù á máa sọ ìsọkúsọ nípa ṣájà títí wọ́n á fi tún un tàn.

Láti mọ̀ bóyá ètò lè jí áàpù rẹ, jáde kúrò nínú rẹ̀, kí o wá lo `adb shell am kill` pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Má lo `am force-stop`. Èyí kejì ń fi áàpù sí ipò tí kò ti ní gbọ́ ìkéde kankan títí ẹni náà á fi ṣí i padà, nítorí náà á dà bíi pé kóòdù rẹ kò dára nígbà tí kò sí ohun tó ṣe é.

Lórí iPhone, ìdàkejì ló máa ń tan ènìyàn jẹ. Tí áàpù bá ń ṣiṣẹ́ láti inú Xcode, irinṣẹ́ tí Apple fi ń kọ áàpù, pẹ̀lú debugger (ohun tó ń wá àṣìṣe) lára rẹ̀, iOS kì í fi í sùn. Gbogbo nǹkan á máa dé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, o sì lè kó áàpù náà síta láìmọ̀ pé kò ṣiṣẹ́ rí. Dá Xcode dúró, ṣí áàpù láti ojú fóònù fúnra rẹ̀, jáde, fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan, kí o wá ka ohun tó kọ sílẹ̀ nínú Console.